Ewé Inú Ìgò: Ìtàn Absinthe àti Àgbo Ọlọ́tí ní New York

Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wọ ilé ọmọ Yorùbá kan ní Bronx, tí ẹ rí ìgò kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná, tí egbò àti èèpo igi kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì ti da ọtí líle lé e lórí, kí ni ẹ máa pè é? Ọmọ Yorùbá á ní àgbo ni, tàbí pàrágà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í ṣe Yorùbá wà pẹ̀lú mi lọ́jọ́ tí mo rí irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣé absinthe nìyẹn?" Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a jọ wo ìtàn ọtí méjèèjì, kí a lè mọ ìdí tí òfin fi máa ń gbá ewé mú, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló sábà máa ń pa ènìyàn.

Kí ni absinthe?

Absinthe jẹ́ ọtí líle tí wọ́n ń fi ewé gbígbẹ ṣe. Olórí ewé náà ni Artemisia absinthium, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wormwood. Ó korò gan-an. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: ẹbí kan náà ni òun àti ewúro wa, ẹbí Asteraceae. Wọ́n máa ń fi irúgbìn anise àti fennel kún un kí ó lè ta sánsán.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á rẹ ewé àti irúgbìn náà sínú ọtí tó le gan-an, wọ́n á bu omi kún un, wọ́n á sì gbé e kaná. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù, á tutù, á tún di omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣe ògógóró ṣe ń ṣe pẹ̀lú ẹmu. Òórùn dídùn á bá ooru lọ, ṣùgbọ́n ìkorò á kù sínú ìkòkò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún rẹ àwọn ewé mìíràn sínú rẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè di ewé. Tí ẹ bá bu omi tútù sí i, á funfun bí omi ògì. Ìdí nìyí tí ẹni tó kàn ra wormwood gbígbẹ, tó rẹ ẹ́ sínú vodka nílé, kò fi ní absinthe lọ́wọ́. Ohun tó ní jọ àgbo wa ju absinthe lọ, ìkorò rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Bí ó ṣe di ọ̀tá ìlú

Ìtàn absinthe bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ní Couvet, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní 1805, Henri-Louis Pernod dá ilé ìṣọtí sílẹ̀ ní Pontarlier ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń jagun ní Algeria ní nǹkan bí 1840, wọ́n ń fún wọn ní absinthe nítorí ibà. Ṣé ẹ rí i? Ibà náà ni àwọn bàbá wa ń fi egbò àti èèpo igi lé lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìí padà sílé, wọ́n gbé ìfẹ́ ọtí náà dání. Lẹ́yìn náà, kòkòrò ba ọgbà àjàrà Faransé jẹ́, wáìnì gbówó lórí, absinthe sì di ọtí gbogbo ènìyàn.

Ní August 1905, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean Lanfray pa ìyàwó rẹ̀ tó lóyún àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ní Commugny ní Switzerland. Absinthe ni àwọn ènìyàn dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ife absinthe méjì péré ló mu lọ́jọ́ náà. Wáìnì àti àwọn ọtí mìíràn tó mu kọjá kèrémí. Ìlú dìbò ní 1908, òfin sì dé absinthe ní 1910. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn: láti October 1, 1912, kò sí ẹni tó lè kó o wọlé tàbí tà á láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Faransé fòfin dè é ní 1915.

New York nígbà tí ọtí di èèwọ̀

Láti January 1920 títí di December 1933, òfin Amẹ́ríkà ka ṣíṣe ọtí àti títà á léèwọ̀. Ṣé àwọn ará New York dẹ́kun ọtí mímu? Rárá o! Àwọn kan ń ṣe é nílé. Àwọn mìíràn ń ra ọtí tí wọ́n fi spirit ilé iṣẹ́ ṣe, èyí tí ìjọba ti ní kí wọ́n fi methanol sí kó má ṣe é mu. Methanol kò yàtọ̀ lójú, kò sì yàtọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Ní àkókò Kérésìmesì 1926, àwọn ènìyàn tó lé ní 60 ni ọtí olóró gbé dé ilé ìwòsàn Bellevue ní Manhattan, ọ̀pọ̀ sì kú. Charles Norris, olórí àwọn dókítà tó ń ṣàyẹ̀wò òkú ní ìlú náà, bínú sí ìjọba ní gbangba. Òun àti Alexander Gettler, onímọ̀ nípa májèlé, ló fi àyẹ̀wò hàn pé methanol ló ń pa àwọn ènìyàn. Kò sí wormwood kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ó kan ilé wa?

Ó kàn wá gan-an. Ní 1919, àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye tó fòfin de ṣíṣe ọtí líle ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Nígbà tí ògógóró gbilẹ̀ ní Nàìjíríà láàrin 1930 sí 1940, ọlọ́pàá ń kó àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n ní nítorí ìlera ni, ṣùgbọ́n owó orí jíìnì òyìnbó tó ń wọlé ní èbúté wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Tí aráàlú bá ń mu ti ara rẹ̀, ta ni yóò san owó èbúté?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, àwọn tó ju 15 lọ sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Bellevue 1926 àti Òde-Ìrèlè 2015: ikú kan náà ni.

Bí absinthe ṣe padà

Switzerland tú absinthe sílẹ̀ ní 2005. Ní 2007, Amẹ́ríkà gba Lucid láyè, nítorí pé thujone inú rẹ̀, èròjà wormwood tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, kò tó ìwọ̀n tí òfin kà sí. Ní 2008, àwọn onímọ̀ yẹ absinthe àtijọ́ wò, ìgò 13 tí wọ́n ti ṣe kí òfin tó dé. Wọ́n rí i pé thujone inú wọn kò pọ̀ tó bí ayé ṣe rò. Ọtí líle fúnra rẹ̀ ló ń ya àwọn ọ̀mùtí ní wèrè.

Ewé náà kò sì mọ́ pátápátá. Ní 1997, New England Journal of Medicine ròyìn ọkùnrin kan tó ra òróró wormwood, tó mu ún bí ẹni mu absinthe. Kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn bàbá wa ní, "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan." Èmi á fi kún un pé èyí tó jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ̀n rẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Ìparí

Lónìí, tí ẹ bá wọ botánica ní East Harlem, níbi tí àwọn ọmọ Cuba àti Puerto Rico ti ń ra ewé, tí wọ́n ṣì ń dárúkọ Ọ̀sanyìn, ẹ lè rí wormwood gbígbẹ níbẹ̀. Ajenjo ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú ọtí tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ fẹ́ mu ún fúnra yín, òfin kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ìkòkò kaná láti se ọtí líle nílé láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter ti fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn lè pọn bíà nílé.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún rí ìgò àgbo, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè pé ewé wo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè pé: níbo ni ọtí yìí ti wá, ta ló ṣe é? Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ pé ìbéèrè ẹ̀fẹ̀ tó bi mí lọ́jọ́ yẹn á gbé wa jìnnà tó báyìí. Mo ti sọ fún ẹni tó ni ìgò náà pé kí ó fi orúkọ ọtí tó lò sára ìgò. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.