Iye Owó àti Èrè Ọkọ̀ Hot Rod

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ a máa ra ògbólógbòó ọkọ̀ Ford ní owó pọ́ọ́kú. Wọn a tú mọ́gáàdì rẹ̀ dànù kí ó lè fúyẹ́, wọn a sì fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára kún agbára. Ẹ́ńjìnnì V8 tí Ford gbé jáde ní 1932 ni wọ́n fẹ́ràn jù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní hot rod.

Rírà rẹ̀ kò gbówó lórí. Àtúnṣe ni ó ń jẹ owó. Ẹni tí ó bá tà á kì í sábà rí iye tí ó ná gbà padà, ká má tilẹ̀ ka òru tí ó fi ṣiṣẹ́. Eré àsápajúdé lójú títì sì ń gba ẹ̀mí. Ní 1937 ni a dá Southern California Timing Association sílẹ̀, tí ń ṣètò eré lórí adágún gbígbẹ. Ní 1951, Wally Parks dá National Hot Rod Association sílẹ̀ kí eré náà lè kúrò lójú títì.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Ọmọ tí ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí ó sì tò ó padà, ti kọ́ ìṣirò, sùúrù àti iṣẹ́ ọwọ́. Irin a máa dógùn-ún. Ìmọ̀ kì í dógùn-ún.