Ta Ló Borí ní Kírìjì? Ọ̀rọ̀ Lórí Mímú Ọmọ Ilé-Ìwé Lọ sí Pápá Ogun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí dá lórí Ogun Kírìjì, àti bí a ṣe lè mú àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí ibi tí wọ́n ti jà á kí wọ́n lè rí nǹkan gidi kọ́ níbẹ̀. Mo ní nǹkan gidi, nítorí pé kí ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, kó ya fọ́tò, kó jẹ gálà, kó sì padà sílé, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn. Ìgbafẹ́ ni.

Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yọ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré lórílẹ̀-èdè yìí. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ kan ti dàgbà láàárín àkókò yẹn, tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Látòóṣà kò ju ohun tí wọ́n kà nínú eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Nínú eré yẹn, Látòóṣà ni apá rẹ̀ ká ọ̀tá. Ní Kírìjì, inú àgọ́ ogun ni Látòóṣà kú sí lọ́dún 1885, ogun kò sì tíì parí. Bí olùkọ́ bá ń wá ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò rí i pé ibi tó dára nìyẹn? Kó mú wọn láti ibi tí wọ́n mọ̀ dé ibi tí wọn ò mọ̀.

Kí ni ìdí ogun náà? Bí ẹ bá bi ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, yóò ní ajẹ́lẹ̀ ni. Lóòótọ́, lẹ́yìn tí Ìbàdàn lé àwọn ará Ìlọrin sẹ́yìn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, agbára wọn tàn dé gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú káàkiri. Ajẹ́lẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ni ojú Ìbàdàn nílùú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa wọ oko olóko, wọ́n a máa fi ọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Lọ́dún 1878, Fábùnmi gbé idà ní Òkè-Mẹ̀sí, wọ́n pa ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀ àtàwọn ènìyàn rẹ̀. Bí iná ṣe ràn nìyẹn. Àwọn ìlú yòókù náà dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ tiwọn, wọ́n sì jọ da ara wọn pọ̀, wọ́n pè é ní Èkìtìparapọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ Ìbàdàn, ó lè dáhùn pé ọ̀nà ni wọ́n dí. Irọ́ kọ́ lòun náà pa. Láti ọdún 1877 ni Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ti ń jà, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Ìlú tí kò rí ọ̀nà dé etíkun kò ní rí ìbọn àti ẹ̀tù rà, iyọ̀ pàápàá yóò di ọ̀wọ́n. Látòóṣà ní kò sí bí òun ò ṣe ní jà. Ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ gbé dání ni ìdáhùn méjèèjì, kó má ju ọ̀kan nù nítorí pé kò bá ti ilé bàbá rẹ̀ mu.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi ogun fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ẹ̀bá Ìkìrun. Àwọn tó ń sá lọ já sínú odò Ọ̀tìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìjà náà ní Ogun Jálumi. Ìbàdàn rò pé ó ti tán. Kò tán o. Èkìtìparapọ̀ tún ara wọn tò, àwọn méjèèjì wá pàgọ́ síwájú ara wọn: Ìbàdàn wà ní ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ wà ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Òkè ló wà lọ́tùn-ún lósì, àfonífojì wà láàárín. Inú àfonífojì yìí ni wọ́n ti ń pàdé ara wọn, odò kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fẹ̀jẹ̀bọ́jú. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un.

Ohun tí ìwé kò lè ṣe nìyí, tí ilẹ̀ lè ṣe. A lè kọ ọ́ sí pátákó pé Èkìtìparapọ̀ ní ìbọn tó dára ju ti Ìbàdàn lọ. Ọmọ yóò dà á kọ, yóò sì gbàgbé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó dúró lórí òkè, kó wo òdìkejì. Ìbọn ṣakabùlà tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń lò, ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i, kì í sì í lọ jìnnà. Ẹni tó bá gbé e gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀tá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ló dáwó jọ, wọ́n fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí. Ó ń yára, ó sì ń lọ jìnnà. Ọ̀nà ìlà-oòrùn, láti orí ọ̀sà gba Òǹdó kọjá, ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò ní àṣẹ lórí ọ̀nà yẹn. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ wo àfonífojì náà, tó sì fi ìka tọ ọ̀nà yẹn lórí máàpù, ohun tó mú kí ogun náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yóò yé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo lé e lórí. Ìró ìbọn ńlá tó ń dún nínú òkè wọ̀nyẹn náà ni wọ́n sọ di orúkọ: Kírìjì.

Àgọ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlú. Wọ́n kọ́lé amọ̀, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ta ló ń gbé oúnjẹ wá? Ta ló ń pọn omi? Àwọn obìnrin ni, àti àwọn ẹrú.

Ọ̀rọ̀ ẹrú yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ dá sílẹ̀ níwájú ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí Gettysburg, níbi tí wọ́n ti jà fún ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù keje ọdún 1863. Ó pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé ìgboyà àwọn ọmọ ogun àti ibi tí àgbá ìbọn dúró sí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ jù, tí ọ̀rọ̀ ẹrú tó dá ogun ọ̀hún sílẹ̀ kò sì rí àyè tó. Ẹ má jẹ́ káwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n fi ra ẹ̀tù, apá kan rẹ̀ wá láti orí epo pupa, apá kan sì wá láti orí ènìyàn tí wọ́n kó lójú ogun. Àwọn jagunjagun ńlá ní ìhà méjèèjì ló ní ẹrú. Ẹni tí a ń kọrin kí lónìí, ó lè ti ta ìyá ìyá ẹlòmíràn nínú kíláàsì yẹn. Kí olùkọ́ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, àmọ́ kó sọ ọ́.

Kí ó tún sọ èyí: Ògèdèǹgbé, ọ̀gá ogun Èkìtìparapọ̀, Ìbàdàn ló ti kọ́ ogun jíjà. Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló wá dojú kọ. Bí ọmọ bá gbọ́ ìyẹn, kò ní lè máa rò mọ́ pé ẹ̀yà méjì tí kò mọ ara wọn rí ló ń jà. Ará ilé ló ń jà.

Ìbéèrè tí ọmọdé sì máa ń bi jù ni pé, “Ta ló borí?” Ìbéèrè tó dára ni, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ mú un dé orí àdéhùn ọdún 1886. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti kọ̀wé sí gómìnà Èkó láti ọdún 1881 pé kí wọ́n bá àwọn là á. Nígbà tó yá, Samuel Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjèèjì, ń lọ ń bọ̀ láàárín àgọ́ kan sí èkejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n kéde àlàáfíà lójú ogun, wọ́n tú àgọ́, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira wọn. Ìbàdàn di Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ mú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lè kó kúrò. Ní Ọ̀fà, Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì ń bá tiwọn lọ títí di ọdún 1893, tí Gómìnà Carter dé. Ọdún yẹn kan náà ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé fún Gẹ̀ẹ́sì. Ó kù sọ́wọ́ ọmọ láti sọ ẹni tó borí.

Àdéhùn yẹn kì í ṣe òkú ìwé. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ pé kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tó wà. Wọn kò kó lọ́dún 1886. Wọ́n kó wọn lọ́dún 1909, wọ́n tún padà wá lẹ́yìn náà. Àwa tá a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láti ọdún 1997 dé 2000, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a kò parí máa ń dúró de ọmọ ọmọ ẹni. Ìdí pàtàkì tí mo fi ń sọ pé kí a kọ́ wọn nìyí. Bí ilé-ìwé kò bá kọ́ wọn, ilé yóò kọ́ wọn, ti ilé sì máa ń jẹ́ ìhà kan ṣoṣo.

Báwo wá ni ká ṣe é? Tèmi rèé, ẹ̀yin olùkọ́ lè tún un ṣe. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú kíláàsì kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ ka Johnson díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìdílé rẹ̀, àti pé òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ àlàáfíà náà. Ọdún 1921 ni ìwé rẹ̀ jáde, ó ti kú nígbà yẹn. Ẹ ka Akíntóyè tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, tí ìwé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1971. Kí wọ́n wo ibi tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò àti ibi tí wọ́n ti yà. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ọba àti àgbà ìlú, ẹ má kàn ya wọ inú igbó. Ẹ dé ìhà Ìgbájọ, ẹ dé ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú, kí ẹ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹ pín kíláàsì sí méjì, ẹ fi ọmọ tí ilé rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn sí ìhà Èkìtìparapọ̀, kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ sí ìhà Ìbàdàn. Kí oníkálukú kọ ìwé kan sílé bí ẹni pé ó ti wà ní àgọ́ fún ọdún márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi igi ṣe ìbọn máa lé ara wọn kiri. Ibi tí ènìyàn kú sí ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ létí odò yẹn. Orúkọ àwọn balógun wà nínú ìwé. Àwọn tó pọ̀ jù lára àwọn tó ṣubú níbẹ̀ kò ní orúkọ níbì kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kó ọmọ lọ síbẹ̀ rí, tàbí tẹ́ ẹ ní bàbá àgbà tó sọ ìtàn Kírìjì fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sọnù. Ó dìgbà kan ná.