Ta Ló Tọ́jú Olùtọ́jú? Ìtàn Fáda Damien àti Àwọn Tó Dúró Tì Í

Bí a bá dárúkọ Fáda Damien, ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó lọ bá àwọn adẹ́tẹ̀ gbé títí ẹ̀tẹ̀ fi mú òun náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn di aláìsàn, ta ló tọ́jú rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ìbéèrè yìí wò.

Jozef De Veuster ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n bí i ní Tremelo, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 1840. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìjọ fẹ́ rán lọ sí Hawaii, àmọ́ àìsàn dá ẹ̀gbọ́n dúró, ni àbúrò bá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ dípò rẹ̀. Ó dé Honolulu ní oṣù Kẹta ọdún 1864, ó sì di àlùfáà níbẹ̀ lọ́dún náà.

Hawaii ní ọba tirẹ̀ nígbà náà. Ní 1865, ìjọba ṣe òfin pé kí a ya àwọn adẹ́tẹ̀ sọ́tọ̀. Láti 1866 ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí etí erékùṣù Molokai, níbi tí òkun yí ká ní ọ̀nà mẹ́ta, tí òkè gàgàrà sì dí ọ̀nà kẹrin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára bú wọn o: ní ilẹ̀ wa náà, ìta ìlú ni adẹ́tẹ̀ ń gbé láyé àtijọ́.

Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1873 ni Damien gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ ọdún 33 ni. Lọ́dún yẹn gan-an ni Hansen rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ní ilẹ̀ Norway, ṣùgbọ́n kò tíì sí oògùn rẹ̀. Abẹ́ igi ni Damien kọ́kọ́ sùn. Ó kọ́ ilé, ó kan pósí, ó gbẹ́ sàréè, ó wẹ egbò. Òfin ìyàsọ́tọ̀ mú òun náà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wá, wọn ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, inú ọkọ̀ ojú omi kékeré ni Damien dúró sí tó ń kígbe jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sókè ní èdè Faransé.

Ní ìparí 1884, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Awọ ẹsẹ̀ bó, kò sì mọ ìrora kankan. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ti dé.

Ohun tó wá tọrọ kò pọ̀: àlùfáà kan tí yóò máa gbọ́ ìjẹ́wọ́ òun, àti àwọn Sísítà tí yóò bá òun tọ́jú àwọn ọmọ. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Honolulu fà á sẹ́yìn. Ariwo tí ìwé ìròyìn ń pa nípa rẹ̀ ń bí wọn nínú, wọn ò sì fẹ́ kó wá sáàárín ìlú. Síbẹ̀, ó lọ gba ìtọ́jú ní Honolulu ní 1886, Ìyá Marianne Cope àti àwọn Sísítà rẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn dé. Ní 1886, Joseph Dutton, sójà àtijọ́ láti Amẹ́ríkà, dé láìgba owó oṣù. Ní 1888, Fáda Conrardy dé láti bá a ṣe iṣẹ́ àlùfáà. James Sinnett dé ní ọdún kan náà, òun ló sì dúró ti ibùsùn rẹ̀ bíi nọ́ọ̀sì. Ní oṣù Kọkànlá, Ìyá Marianne dé pẹ̀lú Sísítà méjì, ó sì ṣèlérí fún Damien pé àwọn yóò tọ́jú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Àwọn Áńgílíkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá dá owó ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kátólíìkì ni.

Damien kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1889, lẹ́ni ọdún 49. Wọ́n sin ín sí ẹ̀bá igi tó sùn sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Àwọn tó ṣẹ́kù ò túká. Marianne wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1918. Dutton lo nǹkan bí ọdún 44 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìjọ Kátólíìkì sọ Damien di ẹni mímọ́ ní 2009, wọ́n sì sọ Marianne náà ní 2012.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé àwa òǹkọ̀tàn fẹ́ràn akọni tó dá dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọdún mẹ́rin ni Damien fi gbé pẹ̀lú ẹ̀tẹ̀ tó ti hàn, ó sì pẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ tó pé. Bí àwọn tó ní àṣẹ bá tètè gbọ́ ni, ẹrù náà ì bá ti fúyẹ́ díẹ̀. Torí náà, nígbà mìíràn tí a bá ń yin ẹni tó ń ru ẹrù gbogbo ayé, ẹ jẹ́ ká béèrè bóyá ẹnì kan wà tó ń bá a gbé e.