Remain in Light: Àwo rọ́ọ̀kì tí ó pọnmi nínú odò Fẹlá

Remain in Light ni àwo orin kẹrin tí ẹgbẹ́ Talking Heads ti ìlú New York ṣe. Oṣù kẹwàá ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Sire gbé e jáde. David Byrne ni ó ń kọrin, Chris Frantz ń lùlù, Tina Weymouth ń ta gìtá béèsì, Jerry Harrison sì ń ta gìtá àti dùùrù. Ara àwọn olórin tí wọ́n ń pè ní new wave ni wọ́n, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tí rọ́ọ̀kì ayé àtijọ́ ti sú.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Brian Eno, ni ó bójú tó iṣẹ́ náà. Òun ni ó fi àwo Afrodisiac tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ṣe ní 1973 han Byrne. Inú àwo yìí ni Jẹun Kó Kú wà, àti Àlùjannjankíjan, tí Fẹlá fà yọ láti inú àlọ́ tí àwọn àgbà máa ń pa fún ọmọdé.

Ní Nassau, olú ìlú Bahamas, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀. Wọn kò mú orin tí wọ́n ti kọ tán lọ síbẹ̀. Ṣe ni oníkálukú ń ta ohùn kúkúrú kan ní àtúntà, tí wọ́n ń to ti ẹnìkejì lé e lórí títí gbogbo rẹ̀ fi di odidi. Ọ̀rọ̀ orin ni ó kẹ́yìn. Ètò yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti jókòó síbi ìnáwó ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, tí àwọn onídùndún wà lójú agbo. Gúdúgúdú kì í kúrò lórí ohun tí ó ń sọ, kẹríkẹrì àti ìṣáájú di tiwọn mú, ìyáàlù ni ó ń rìn káàkiri tí ó ń ki èèyàn. Kì í ṣe pé Byrne gbọ́ dùndún Òkè-Ògùn o. Fẹlá pàápàá, háíláìfù, jáàsì àti fọ́ńkì ni ó pò mọ́ ìlù ilé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ohùn Byrne ni ìyáàlù níbẹ̀, ó sì ń pariwo bí àwọn oníwàásù orí rédíò Amẹ́ríkà. Gìtá Adrian Belew tí ó ń ké bí ẹranko, àti fèrè Jon Hassell tí ẹ̀rọ ti yí ohùn rẹ̀ padà, ni ó jẹ́ kí àwo náà dà bí àlá.

Byrne kò fi orísun rẹ̀ pamọ́. Ó kọ orúkọ àwọn ìwé tí ó kà nípa ìlù Áfíríkà ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀ròyìn. Síbẹ̀, orúkọ Fẹlá kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ̀wé pé ó ni orin náà. Nígbà tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀ láàárín 2005 sí 2006, wọ́n fi orin kan tí wọn kò parí kún un. Àkọlé rẹ̀ ni Fela's Riff.

Lọ́dún 1983, Angélique Kidjo, ọmọ ilẹ̀ Benin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Paris, gbọ́ Once in a Lifetime, ọ̀kan nínú àwọn orin àwo yìí, níbi àríyá kan. Ó ní orin Áfíríkà ni. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ní rárá, rọ́ọ̀kì ni. Ní 2018, ó tún gbogbo orin mẹ́jọ̀ọ̀jọ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì fi àwọn èdè ilẹ̀ rẹ̀ kún un. Lára àwọn tí wọ́n lùlù fún un ni Tony Allen, ẹni tí ó lu ìlù Afrodisiac fún Fẹlá ní 1973. Paris ni Allen kú sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020, ní ẹni ọdún 79.