Pápákọ̀ Òfurufú Ayé Ogun Tó Di Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Hastings, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Freetown ní Sierra Leone, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún Yorùbá. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun ni wọ́n kó lọ tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1819, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ṣe pápákọ̀ òfurufú sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Èbúté Freetown ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó ara wọn jọ kí wọ́n tó forí lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì má bàa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn bàálù tó ń bá ọkọ̀ ogun rìn nílò ibi ìsinmi àti àtúnṣe lórí ilẹ̀. Ní 1943, pápákọ̀ náà gba orúkọ HMS Spurwing. Orúkọ ẹyẹ ni wọ́n sábà máa ń fún irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ikọ̀ bàálù 777 níbẹ̀ gba ọkàn: bàálù á wọ́ àmì ìyìnbọn tẹ̀lé ara rẹ̀ lófurufú, àwọn ayìnbọn inú ọkọ̀ ogun á máa yìnbọn sí àmì náà. Wọ́n ti ibùdó náà pa nígbà tí 1944 ń parí lọ, àwọn bàálù abẹ́lé ló wá ń balẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Èkó kò gbẹ́yìn. Apapa ni ikọ̀ 270 ti àwọn ọmọ-ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ibùdó láàárín 1943 sí 1944. Àwọn bàálù wọn, Catalina àti Sunderland, kò nílò ilẹ̀ títẹ́jú. Ojú omi ni wọ́n ti ń gbéra.

Níbi tí irú pápákọ̀ báyìí ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé àtijọ́ fúnra rẹ̀ ni olórí ohun àfihàn. Japan ya bo pápákọ̀ Ford Island, ní Pearl Harbor nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941. Ihò ọta ṣì wà lára gíláàsì fèrèsé ilé bàálù kọkàndínlọ́gọ́rin, Hangar 79. Wọn kò pààrọ̀ gíláàsì náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ṣí ní 2006. Ní Wildwood, ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí àwọn awakọ̀ bàálù ti kọ́ bí a ṣe ń já ṣòòròṣò wálẹ̀ láti ju bọ́ǹbù, pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé bàálù ràgàjì tó wá di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ti Yeovilton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ní 1964, bẹ́ẹ̀ ni bàálù ogun ojú omi ṣì ń gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Owó ńlá ni ìtọ́jú wọn. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, òjò ń ba pákó jẹ́, ẹ̀ńjìnnì tí kò yí fún ìgbà pípẹ́ á gan. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì fi ń yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe lójú àlejò. Àwọn mìíràn ń gba ohùn àwọn tí ogun ṣojú wọn sílẹ̀.

Nílé níbí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó ṣí ní Umuahia ní 1985 dúró síbi ihò abẹ́ ilẹ̀ tí rédíò Biafra ti sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ogun NNS Bonny sì wà lórí ilẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ní Freetown, àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ti dípẹtà ní Cline Town di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2005. Bí Hastings bá fẹ́ tọ ọ̀nà yẹn, kò dìgbà tó bá rí bàálù ayé ogun rà. Ojú ọ̀nà bàálù ti wà, àwọn ìdílé tó ti ń gbé abúlé náà kí bàálù àkọ́kọ́ tó balẹ̀ síbẹ̀ sì lè fi fọ́tò àti ìtàn àwọn bàbá wọn bẹ̀rẹ̀.