Èésú Tó Ra Ilé ní Lọ́ńdọ̀nù

Nínú ọ̀rọ̀ ríra ilé, kì í sábà jẹ́ gbogbo iye owó ilé ló ń dá ènìyàn dúró. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù déédéé lè fi ogún ọdún san owó ilé díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń san owó fún onílé lọ́dọọdún. Owó àkọ́kọ́ ni wàhálà, ìyẹn owó àsansílẹ̀ tí ayánilówó máa ń béèrè kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni o, ìdá ọgbọ̀n ni o, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n fẹ́ gbà á. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní ohun ìní yóò lọ bá bàbá rẹ̀. Ẹni tí kò ní bàbá olówó ńkọ́?

Ìran ènìyàn dúdú kan ti dáhùn ìbéèrè yìí rí nílùú Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tí wọ́n fi dáhùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé èésú ni. N kò sọ pé ohun tó jọ èésú. Èésú tiwa gan-an ni apá kan nínú wọn ń dá, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ti gé orúkọ náà kúrú.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ ya èésú sọ́tọ̀ kúrò lára àjọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń da méjèèjì pọ̀. Nínú àjọ, alájọ máa ń gba owó lójoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, á fi àmì sí káàdì wọn, á dá owó wọn padà ní ìparí oṣù, á sì yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ara ẹni ni ẹni ń gbà. Èésú kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn kan á fẹnu kò pé iye báyìí ni kálukú yóò máa mú wá lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, bí owó bá sì ti pé, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Bí ó bá di ìgbà mìíràn, ó kan ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yá owó láìsan èlé, ẹni tó sì kó o gbẹ̀yìn ti fi owó pamọ́ láìgba èlé. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, kò gbàgbé ètò yìí nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí, ó sì pè é ní ètò ìyánilówó àwọn Yorùbá. Èmi náà bá èésú pàdé ní gbogbo ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́. Owó oṣù lè pẹ́ níbẹ̀, èésú kì í pẹ́.

Ọjọ́ pẹ́ kí Johnson tó kọ̀wé tí èésú ti sọdá òkun. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù Trinidad, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí oko ẹrú. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Sierra Leone tàbí erékùṣù St Helena, tí wọ́n sì tún ti ibẹ̀ kó lọ sí oko ìrèké láti 1841 wá. Wọn kò gbé ẹrù dání. Ohun tó wà nínú ọpọlọ wọn nìkan ni wọ́n gbé lọ. Ní Trinidad, orúkọ èésú di “susu”. Ní Bahamas, ó di “asue”. Ní Jàmáíkà, “pardner” ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, ní Guyana “box hand”, ní Barbados “meeting turn”. Mi ò ní sọ pé Yorùbá nìkan ló bí gbogbo wọn, nítorí pé àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Áfíríkà náà mọ irú ètò yìí. Ṣùgbọ́n susu àti asue kò nílò ẹlẹ́rìí.

Àwọn ọmọ erékùṣù wọ̀nyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn ogun. Ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury ní June 1948. Àwọn tí kò níbi tí wọn yóò sùn, ìjọba kó wọn sí ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Clapham South, níbi tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń sá pamọ́ fún bọ́ǹbù nígbà ogun. Ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ tó súnmọ́ ibẹ̀ wà ní Brixton, ìdí nìyẹn tí àdúgbò Brixton fi di ilé wọn. Iṣẹ́ kò wọ́n. Ilé ni kò sí. Bọ́ǹbù ti wó ọ̀pọ̀ ilé, èyí tó kù sì ní ìkéde lójú fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà níbẹ̀ nígbà náà jẹ nínú ìyà yìí. Wọlé Ṣóyínká kọ ewì kan lórí rẹ̀, níbi tí obìnrin onílé ti ń béèrè lórí tẹlifóònù bí dúdú ẹni tó fẹ́ gba yàrá ṣe pọ̀ tó. Kò sì sí òfin tó dá àwọn onílé lẹ́kun. Òfin ìbáṣepọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n ṣe ní 1965 kò kan ọ̀rọ̀ ilé, ó di 1968 kí wọ́n tó fi ilé kún un.

Onílé tó bá gbà wọ́n, owó gọbọi ló ń gbà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ burú jù ni Peter Rachman ní Notting Hill, tó ń gba owó ńlá lórí yàrá tí ara rẹ̀ kò le, títí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún onílé aláìláàánú. Nítorí náà, kì í ṣe àṣehàn ni wọ́n fi ríra ilé ṣe. Ọ̀nà àbáyọ ni.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn bàǹkì náà tì. Àwọn ẹgbẹ́ ayánilówó-kọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ yáni lówó lórí ilé àtijọ́ tí ọdún ìyálò ilẹ̀ rẹ̀ ti kù díẹ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ nìkan sì ni wọ́n ń tà fún ènìyàn dúdú. Ẹ bá mi wo ọgbọ́n burúkú yìí. Wọn kò ní láti sọ pé nítorí àwọ̀ ara ni, àdúgbò ni wọ́n á tọ́ka sí. Ẹni tó bá rí ẹni yá a, owó àsansílẹ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti aláwọ̀ funfun lọ, èlé rẹ̀ yóò sì ga.

Ibẹ̀ ni susu àti pardner ti wọlé. Ká ní ogún ènìyàn ń dá pọ́n-ùn méjì méjì lọ́sẹ̀. Ogójì pọ́n-ùn ni ẹni tó bá kàn yóò kó. Èyí kò tó owó àsansílẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá kó tirẹ̀, tí ìyàwó wà nínú èésú mìíràn, tí àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tún fi tirẹ̀ kún un, tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, owó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Bí ilé bá sì ṣàdédé yọjú, ẹni tó fẹ́ rà á lè bẹ olórí èésú pé kí ó jẹ́ kí òun kó ṣíwájú. Obìnrin ni olórí èésú lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ló mọ ẹni tó ṣe é gbára lé, òun ló mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n fi sẹ́yìn nítorí pé bí ó bá kó tán, ó lè má san mọ́. Iṣẹ́ tí bàǹkì ń fi ìwé púpọ̀ ṣe, ojú àti etí ni ìyá yìí fi ń ṣe é.

Bí wọ́n bá ti san owó àsansílẹ̀ tán, ìdílé náà á gba yàrá kan tàbí méjì, wọ́n á fi èyí tó kù háyà fún àwọn ọmọ ìlú wọn. Owó yàrá wọ̀nyí ni wọ́n fi ń san gbèsè tó kù. Sam Selvon, òǹkọ̀wé ọmọ Trinidad, kọ ìtàn àròsọ apanilẹ́rìn-ín kan ní 1965 lórí àwọn ọ̀rẹ́ tó ń dá owó jọ láti ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù; àkọlé rẹ̀ ni *The Housing Lark*. Ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀ kò bo òótọ́ ibẹ̀ mọ́lẹ̀: wàhálà kí owó má tú ká lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Wàyí o, ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí wà ní Birmingham, ní ọ̀rúndún méjì sẹ́yìn. Ní 1775, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Ketley, tó ní ilé ọtí níbẹ̀, kó àwọn ènìyàn jọ. Kálukú ń dá iye kan lóṣooṣù, bí owó bá ti tó kọ́ ilé kan, wọ́n á ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí ó kàn, wọ́n á sì máa bá a bẹ́ẹ̀ lọ títí gbogbo wọn á fi nílé, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ á tú ká. Òun ni ẹgbẹ́ ayánilówó-kọ́lé àkọ́kọ́ tí a mọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni èyí bí kò ṣe èésú? Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí kì í tú ká mọ́, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi pamọ́, wọ́n ń fi yá àwọn tó fẹ́ kọ́lé, wọ́n di ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn ilé iṣẹ́ tí èésú bí yìí ló wá wo aláwọ̀ dúdú lójú ní Brixton, tí wọ́n ní kò ṣeé fọkàn tán.

Kò yẹ ká fi oyin pa ìtàn náà lẹ́nu. Àwọn kan kó èésú, wọ́n sá lọ. Àwọn kan fi owó àádùn ra ilé tó ti fẹ́ wó, ọdún ìyálò ilẹ̀ sì parí mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn di onílé tán, wọ́n sì ń ni ọmọ ìlú wọn lára gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ni àwọn náà lára. Síbẹ̀, ètò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé ní 1964, àwọn ọmọ Karíbíánì dá ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ìyánilówó sílẹ̀ ní Hornsey, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló dé tí èésú kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ nílé níbi tí wọ́n ti bí i? Àwa kò dẹ́kun dídá èésú. Ohun tí mo rí ni pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìpele méjì ló wà. Èésú mú owó àsansílẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ni ayánilówó kan, bó ti wù kí ó rorò tó, fún ẹni náà ní ọdún púpọ̀ láti san ìyókù. Nílé, ìpele kìn-ín-ní nìkan ló wà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù.

Kì í ṣe pé ìjọba kò gbìyànjú. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ayánilówó-kọ́lé ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1956, ó sì di Federal Mortgage Bank ní 1977. Ní 1992, òfin dá àpò owó ilé gbígbé sílẹ̀, wọ́n sì ń yọ ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló dá owó yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì láìyá kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Èésú wo nìyẹn, tí kì í kan ẹni tó ń dá a? Ní 2014, ìjọba Fáṣọlá l'Ékòó gbé ètò ilé jáde, ṣùgbọ́n ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni owó àsansílẹ̀, ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n sì fi san ìyókù. Ní 2016, ìjọba Àḿbọ̀dé fa owó àkọ́san wálẹ̀ sí ìdá márùn-ún, kí ayálégbé máa san ìyókù bí owó ilé fún ọdún mẹ́wàá. Ìdá márùn-ún yìí ló bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé èésú ọdún kan tàbí méjì lè kó o jọ. Àwọn ilé náà ni kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ènìyàn tó ń wá ilé l'Ékòó.

Nítorí náà, ẹni tó kó èésú l'Ékòó, ilẹ̀ ló ń rà, kì í ṣe ilé. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó náà pẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé náírà tó kó lónìí, ọ̀wọ́n ọjà yóò jẹ nínú rẹ̀ kí ọdún tó yí po, onílé rẹ̀ sì ń dúró de owó ọdún mìíràn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra ilẹ̀ ní Mowé, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń pín in fún ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù. Èésú kejì á ra búlọ́ọ̀kù, ẹ̀kẹta á ra símẹ́ńtì, ẹ̀kẹrin á ra páànù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tọkọtaya náà á kó wọ inú yàrá méjì tí wọ́n ti kan òrùlé sí, wọ́n á fi pákó dí ojú fèrèsé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ èésú tuntun fún fèrèsé.