Bí Sólà àti Bátìrì Ṣe Ń Di Ẹ̀rọ Kan Ṣoṣo

Páànẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé, bátìrì wà nínú ilé, wáyà ló so wọ́n pọ̀: bí ilé tó ń lo sólà ṣe rí nìyẹn. Díẹ̀ nínú iná náà a máa ṣòfò lójú ọ̀nà, owó ohun èlò méjì ni onílé sì ń san. Ó ti tó bí àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá bí wọn yóò ṣe sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ yege ni Gary Hodes, Joost Manassen àti David Cahen ní ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì. Ní 1976, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan jáde tí apá kan rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀, tí apá mìíràn tó ní fàdákà nínú sì ń tọ́jú agbára. Nígbà tó di 1987, Stuart Licht dara pọ̀ mọ́ Hodes àti Manassen nínú iṣẹ́ tó sọ ìdá 11.3 nínú 100 agbára oòrùn di iná, tọ̀sán-tòru.

Ní Yokohama, ní Jàpáàn, èédú ni Tsutomu Miyasaka àti Takurou Murakami fi tọ́jú iná nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 2004.

Ìṣòro mìíràn ni Yiying Wu àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá pàdé ní yunifásítì Ohio State ní Amẹ́ríkà. Bátìrì tí wọ́n fẹ́ lò gbọ́dọ̀ máa mí, nítorí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá lithium rẹ̀ ṣiṣẹ́. Páànẹ́ẹ̀lì lásán yóò dí i nímú. Ní 2014, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì titanium ṣe páànẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì mú kí ọ̀pá tín-ín-rín hù sórí rẹ̀ bí koríko: ìmọ́lẹ̀ ń bà lé koríko, afẹ́fẹ́ ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì wọlé. Ìṣírò wọn ni pé ẹ̀rọ náà lè dín ìdá kan nínú mẹ́rin owó kù.

Song Jin ní yunifásítì Wisconsin yan omi kẹ́míkà láti fi tọ́jú iná. Ìdá 14.1 nínú 100 agbára oòrùn ni ẹ̀rọ rẹ̀ sọ di iná ní 2018. Ní 2020, nígbà tó lo perovskite, èròjà tí Miyasaka kọ́kọ́ fi ṣe sólà ní 2009, ó dé ìdá 20 nínú 100.

Ìfaradà ló kù. Omi tó ń tọ́jú iná yìí náà ló ń jẹ apá tó ń gba ìmọ́lẹ̀, bí apá kan bá sì bàjẹ́, odidi ẹ̀rọ ló dẹnu kọlẹ̀. Páànẹ́ẹ̀lì orí òrùlé máa ń lò ju 20 ọdún lọ. Kò tíì sí ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tó lè bá a dọ́gba.